Omi Inú Kọ̀ǹpútà Fara Balẹ̀

Kò sẹ́ni tó rántí ẹni tó kọ́kọ́ pe ọkùnrin yìí ní Fara Balẹ̀, àmọ́ gbogbo àdúgbò ló mọ bí orúkọ náà ṣe mọ́ ọn lára. Bí kọ́kọ́rọ́ ẹnì kan bá sọnù, á ní, "Ẹ fara balẹ̀." Bí òjò bá ń bọ̀ tí aṣọ ṣì wà lórí okùn, á ní, "Ẹ fara balẹ̀." Òun gan-an wá ni ẹni tí ara rẹ̀ kì í balẹ̀. Bó bá ń se ẹyin, á ṣí ìkòkò wò, á dé e, á tún ṣí i, títí omi á fi gbàgbé pé ó yẹ kóun hó.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa to fídíò ìgbéyàwó àti ti ọjọ́ ìbí. Àwọn onífídíò á kó gbogbo ohun tí wọ́n yà fún un, òun á yọ ibi tí kámẹ́rà ti ń wo ilẹ̀, á yọ ibi tí ẹ̀gbọ́n ọkọ ìyàwó ti sùn lọ lórí àga, á fi orin sí i, gbogbo rẹ̀ á wá dà bíi pé ẹnikẹ́ni ò bínú lọ́jọ́ náà. Ó mọ iṣẹ́ ọ̀hún dáadáa. Ohun kan ṣoṣo tó ń bá a fà á ni kọ̀ǹpútà rẹ̀. Fídíò máa ń jẹ́ kí ọpọlọ kọ̀ǹpútà gbóná, bí ọpọlọ bá sì ti gbóná, fáànù á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo.

Inú yàrá yẹn náà ni ìyàwó rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ohùn sì ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ó ń ka ìwé ìtàn sínú ẹ̀rọ fún ilé-iṣẹ́ kan tó ń fi ìtàn ránṣẹ́ sí àwọn tí ojú wọn ò ríran, àti sí àwọn tí ojú wọn ríran àmọ́ tí ọ̀lẹ ò jẹ́ kí wọ́n kàwé. Olóhùn-Iyọ̀ ni ọkọ rẹ̀ ń pè é. Orúkọ náà bá a mu, nítorí bó jẹ́ òfin ìrìnnà lásán ló ń kà, èèyàn á fẹ́ mọ ibi tó máa já sí. Tábìlì ọkọ wà lẹ́bàá fèrèsé, tábìlì ìyàwó wà lẹ́bàá kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò kí ohùn má baà máa ta padà. Ẹ̀yìn ni wọ́n kọ síra wọn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, Fara Balẹ̀ sì fẹ́ràn ìjókòó yẹn ju ohunkóhun lọ láyé. Kò sọ ọ́ rí ṣá. Àwọn ọkùnrin kan wà tí wọ́n rò pé bí àwọn bá ti jókòó, àwọn ti sọ̀rọ̀.

Ìgbà tó yá, ilé-iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dá iṣẹ́ ìyàwó padà. Wọ́n ní ohùn dára, ìtàn dára, àmọ́ kí ni ọkọ̀ òfuurufú ń wá lẹ́yìn ìtàn? Fáànù ni. Ó ń dún hùùù bí ohun tó fẹ́ gbéra. Tọkọtaya náà gbìyànjú kí ọ̀kan máa ṣiṣẹ́ láàárọ̀, kí èkejì máa ṣe tirẹ̀ lọ́sàn-án, kò ṣeé ṣe. Kò sí ìyàwó tuntun tó ní sùúrù fún fídíò ìgbéyàwó rẹ̀, ìwé náà ò sì níí ka ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà ńbẹ̀ tí kì í ṣe ti fáànù. Ìwé tí Olóhùn-Iyọ̀ ń kà lọ́wọ́ dá lórí olè kan tó jí ilẹ̀kùn. Kì í ṣe ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ló jí o, ilẹ̀kùn gan-an ló yọ gbé lọ. Ìtàn ẹ̀rín ni, àmọ́ ó dé ibì kan tí olè náà tún gba iwájú ilé yẹn kọjá, tó rí i pé ọmọ kékeré ilé náà ti sùn dí ẹnu ọ̀nà, kí ìyá rẹ̀ lè rí oorun sùn nínú ilé. Nígbà tí Olóhùn-Iyọ̀ ka ibẹ̀ tán, ó gbé ìwé sílẹ̀. Kò tilẹ̀ rántí pa ẹ̀rọ tó ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó yíjú padà sí ọkọ rẹ̀, ó ní, "Ẹ gbọ́ ibẹ̀ yẹn?"

Fara Balẹ̀ ò yíjú. Ó ní ìdí tí kò fi yíjú, àmọ́ ìdí náà ò ṣeé sọ fún ọkùnrin bíi tirẹ̀. Ohun tó sọ ni, "Ibo?"

Ìyàwó rẹ̀ kọjú sí kọ́bọ́ọ̀dù padà. Lọ́jọ́ kejì ló bẹ̀rẹ̀ sí í wá yàrá tó máa gbà fún iṣẹ́.

Ó rí ọ̀kan ní òdìkejì ìlú, lókè ṣọ́ọ̀bù ẹnì kan tó ń ta awò ojú. Onílé ní kó fún òun lésì kí ilẹ̀ Sátidé tó ṣú, bàbá Olóhùn-Iyọ̀ sì máa wá sìn ín lọ wo yàrá náà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ọkàn Fara Balẹ̀ bàjẹ́ gidigidi nígbà tó gbọ́. Ó ro bí yàrá ṣe máa rí tó bá ku òun nìkan àti fáànù, ó rí i pé òun ò lè gbé e. Ó ní, "Fara balẹ̀. Màá pa kọ̀ǹpútà yìí lẹ́nu mọ́. Jẹ́ kó di Sátidé. Ka ìwé rẹ, kó o gbọ́ ohun tí ẹ̀rọ bá gbà sílẹ̀. Bó o bá gbọ́ ohunkóhun lẹ́yìn ohùn rẹ, máa lọ, mi ò ní bá ẹ jiyàn."

Ìyàwó rẹ̀ wò ó. "Ohunkóhun?"

"Ohunkóhun."

Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn, nítorí ẹnu òfòrò ní í pa òfòrò.

Omi ló fẹ́ fi ṣe é. Ohun tí wọ́n ń ṣe fún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ni àwọn kan ti ń ṣe fún kọ̀ǹpútà. Wọ́n á gbé àwo bàbà kékeré kan lé ọpọlọ rẹ̀, pọ́ọ̀ǹpù á máa ti omi gba inú àwo náà, omi á gbé ooru lọ sínú rédíétọ̀, á tutù níbẹ̀, á sì padà sínú ike tó ti wá. Bí omi bá ti ń gbé ooru lọ, fáànù ò ní ìdí láti sáré mọ́. Fara Balẹ̀ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é lórí íńtánẹ́ẹ̀tì títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Ó ra èyí tó lè rà, ó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìyókù. Ike bisikíìtì kan tó mọ́ gaara, tó ní ìdérí tó ń yí pinpin, ló lu ihò sí tó fi ṣe ilé omi.

Ọ̀sán Sátidé ló fẹ́ rọ omi sí i. Ó gbé kọ̀ǹpútà lé tábìlì, ó ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó tẹ́ bébà ìnuwọ́ sábẹ́ gbogbo ibi tí ọ̀pá rọ́bà ti so kọ́ra, kí ẹ̀kán omi kan ṣoṣo má lè jò kó má hàn. Ó yọ wáyà iná kúrò lára gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ àfi pọ́ọ̀ǹpù, ó fi wáyà kékeré kan tó tẹ̀ tan àpótí tó ń pín iná nínú kọ̀ǹpútà jẹ pé pọ́ọ̀ǹpù nìkan ni kó ṣiṣẹ́. Olóhùn-Iyọ̀ ti múra tán láti jáde. Ó jókòó, ó káwọ́ gbera, ó ń wò ó.

"Olówó orí mi, ṣé omi lẹ fẹ́ dà sí nǹkan tó ń lo iná?"

"Fara balẹ̀."

"Èmi ti fara balẹ̀. Ẹ̀yin ni mi ò mọ̀ nípa yín."

Kì í ṣe omi ẹ̀rọ lásán ló fẹ́ lò o. Irú èyí tí àwọn awakọ̀ máa ń rọ sí bátìrì ni, tí wọ́n ti sè di ooru tí wọ́n sì ti gba ooru náà padà di omi, tí kò ní ìdọ̀tí, tí kò ní iyọ̀, tí kò sì ní adùn kankan. Ó ti àrọ bọ ẹnu ike, ó rọra dà á títí ike fi kún. Inú rẹ̀ dùn. Ó tan pọ́ọ̀ǹpù.

Kí ó tó ṣẹ́jú, ike ti gbẹ. Pọ́ọ̀ǹpù ti fa gbogbo omi náà lọ sínú ọ̀pá, ó wá ń jẹ afẹ́fẹ́, ó ń han bí ẹni tí wọ́n tẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ohun tí pọ́ọ̀ǹpù ò sì fẹ́ nìyẹn, nítorí bó bá ń yí láìsí omi nínú, á jó. Fara Balẹ̀ bẹ́ mọ́ wáyà, ó fà á yọ, ó kọsẹ̀ lára àga, ó ju àrọ sábẹ́ tábìlì. Ó rí i pé ọwọ́ méjì ò lè ṣe iṣẹ́ náà.

"Jọ̀ọ́, bá mi di ibi wáyà yìí mú. Bí mo bá ní tàn án, tàn án. Bí mo bá ní pa á, pa á."

Bí ìyàwó tó fẹ́ kó iṣẹ́ rẹ̀ jáde ṣe di ẹni tó ń bá ọkọ ṣọ́ pọ́ọ̀ǹpù nìyẹn. "Tàn án!" "Mo ti tàn án." "Pa á! Pa á! Pa á!" "Mo ti pa á tipẹ́, ẹ fara balẹ̀!" Ó dà, ó tàn, ó pa, ó tún dà. Díẹ̀díẹ̀ ni omi ń rìn, ó gba inú àwo bàbà, ó gba inú rédíétọ̀, wọ́n ń rí i nínú ọ̀pá bó ṣe ń lé afẹ́fẹ́ níwájú. Nígbà tó padà dé inú ike fúnra rẹ̀, àwọn méjèèjì pariwo pọ̀. Olóhùn-Iyọ̀ ló kọ́kọ́ dákẹ́, ó rántí pé òun ń bínú.

Ibẹ̀ ni Fara Balẹ̀ ti rí i pé bébà kan ti tutù.

Ẹ̀rù bà á gan-an. "Pa á! Ó ti ń jò!" Ó ti gbogbo ọ̀pá, ó tẹ gbogbo ìdè, gbogbo wọn gbẹ. Ó pààrọ̀ bébà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ranjú mọ́ ọn. Òmíràn tún kán sí i níṣojú rẹ̀, kò mọ ibi tó ti wá. Ó fi ìka kàn án, ó fi ìka kan ahọ́n. Omi bátìrì ò ní adùn, èyí sì ní iyọ̀.

"Ó ń dùn bí iyọ̀," ó sọ ọ́ pẹ̀lú ìpayà.

Ìyàwó rẹ̀ fi aṣọ nu iwájú orí rẹ̀ fún un. "Òógùn yín ni, sà."

Wọ́n tan pọ́ọ̀ǹpù padà, wọ́n fi sílẹ̀ kó máa lọ. Omi ń lọ, ó ń bọ̀, kò jò. Àmọ́ kò dákẹ́. Inú rédíétọ̀ ń dún gbulu-gbulu, á sinmi díẹ̀, á tún ní gbulu, bí ikùn ẹni tí ebi ń pa níbi ìpàdé. Afẹ́fẹ́ ló há síbẹ̀. Fara Balẹ̀ ti gbé rédíétọ̀ sókè pátápátá nínú àpótí kọ̀ǹpútà, ike omi sì wà nísàlẹ̀. Òkè ni afẹ́fẹ́ máa ń sá lọ, ó ti wá rí ilé tó dáa gbé, kò sì gbèrò àtijáde.

"Ṣé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí ẹ̀ ń wí nìyí?" Olóhùn-Iyọ̀ bèèrè. "Fáànù sàn ju èyí lọ. Fáànù kì í dákẹ́ kó tún padà bẹ̀rẹ̀."

Fara Balẹ̀ fún ọ̀pá rọ́bà mọ́wọ́, ó tú u sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ gbá rédíétọ̀. Ó bẹ̀ ẹ́. Ó pe afẹ́fẹ́ náà ní orúkọ tí mi ò ní kọ síhìn-ín. Níkẹyìn, ó dé ike náà pinpin, ó gbé odindi kọ̀ǹpútà mọ́ àyà, tòun ti pọ́ọ̀ǹpù tó ń ṣiṣẹ́, ó ń dà á sọ́tùn-ún, ó ń dà á sósì. Ẹrù náà wúwo. Afẹ́fẹ́ kàn ń ti igun kan bọ́ sí igun kejì ni, ó ń sọ pé gbulu.

Bó ṣe wà níbẹ̀ ni ilẹ̀kùn ṣí, tí bàbá ìyàwó rẹ̀ wọlé.

Òṣìṣẹ́ panápaná tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá yìí. Ó ga, ó tó bẹ́ẹ̀ ó jù bẹ́ẹ̀, ó sì ka ìkíni sí ju oúnjẹ lọ. Ohun tó máa ń sọ ni pé àwọn ọ̀dọ́ ayé ìsìnyí máa ń ju ìkíni síni bí ẹni ju òkò. Fara Balẹ̀ mọ̀ pé kò sí àlàyé tó lè gba òun bóun bá dúró ṣánṣán níwájú àna òun. Kò sì lè gbé kọ̀ǹpútà sílẹ̀, wáyà kò gùn dé ilẹ̀, kò sì yẹ kó kọ̀yìn sí àna rẹ̀ lọ sídìí tábìlì. Ó fi gbogbo ara tẹ̀ ba pẹ̀lú kọ̀ǹpútà láyà, títí irun orí rẹ̀ fi fẹ́ kan orúnkún.

"Ẹ káàsán sà. Ẹ kú ọ̀nà sà."

"Ọmọ mi, ṣé àlàáfíà lo wà?"

"Àlàáfíà ni sà."

"Iṣẹ́ ńkọ́?"

"A dúpẹ́ sà."

"Àwọn òbí rẹ ńkọ́? Ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ tó rọ́ lọ́jọ́sí ńkọ́?"

Àgbà kì í wà lẹ́nu ìkíni kí ọmọdé nàró. Fara Balẹ̀ wà ní ìtẹ̀ba, ó ń dáhùn. Bó ṣe tẹ̀ ba náà ni kọ̀ǹpútà dorí kodò, rédíétọ̀ bọ́ sísàlẹ̀, ike omi bọ́ sókè. Bí bàbá ṣe dé orí ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n, nǹkan kan ní gbùùù nínú àpótí náà, afẹ́fẹ́ ńlá kan já kúrò nínú rédíétọ̀, ó gba ọ̀pá, ó bọ́ sínú ike.

"Kí nìyẹn?" Bàbá bèèrè.

"Kò sí nǹkan sà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti jinná sà." Fara Balẹ̀ tẹ́tí. Ohùn náà ti dín kù, àmọ́ ó ṣì ku díẹ̀. Bàbá ti fẹ́ wá ibi jókòó. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ tún kí mi."

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kí ẹ tán."

"Ẹ ò tíì bèèrè àwọn àbúrò mi sà."

Bàbá dúró. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ó ti ń retí ọmọ tó máa sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún un, inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbé fìlà rẹ̀ gún régé. Ó bèèrè àwọn àbúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó bèèrè àwọn tó fẹ́ wọn, ó bèèrè ọmọ wọn, ó bèèrè àwọn tí wọ́n jọ ń gbé ilé. Fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ni Fara Balẹ̀ ń tẹ̀ ba, ó ń fì díẹ̀ sọ́tùn-ún, ó ń fì díẹ̀ sósì, afẹ́fẹ́ sì ń jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kan ajá aládùúgbò, èyí tó kẹ́yìn jáde. Pọ́ọ̀ǹpù ṣì ń ṣiṣẹ́, omi ṣì ń lọ, ṣùgbọ́n etí ò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

"Ọlọ́run ṣeun!" ni Fara Balẹ̀ wí, kò sì nàró. Ìbàdí rẹ̀ ti há. Olóhùn-Iyọ̀ ló gba kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ rẹ̀, bàbá ló gbá èjìká rẹ̀ mú tó fi nà án padà díẹ̀díẹ̀.

Ìgbà yẹn ni bàbá wá wo ohun tí wọ́n gbé lé tábìlì dáadáa. Ó rí wáyà. Ó rí omi. Ojú rẹ̀ yí padà. "Omi pẹ̀lú iná, nínú àpótí kan náà? A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, ẹ̀yin wá gbé e sórí tábìlì!" Wọ́n ṣàlàyé, kò gbà. Ó jáde lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́lé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó tọrọ garawa yanrìn kan, ó gbé e wọlé, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú yanrìn láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì. "Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ. Mo wà níbí."

Fara Balẹ̀ so gbogbo wáyà padà. Fídíò ìgbéyàwó tó wúwo jù lọ́wọ́ rẹ̀ ló gbé sórí kọ̀ǹpútà, kó lè gbóná débi tó bá fẹ́. Kọ̀ǹpútà ò fọhùn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wo ara wọn. Olóhùn-Iyọ̀ kọjú sí kọ́bọ́ọ̀dù, ọkọ rẹ̀ kọjú sí fèrèsé, ìyàwó tan ẹ̀rọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka orí ìwé tí ilé-iṣẹ́ dá padà.

"Olè náà gbé ilẹ̀kùn lé èjìká, ó ń lọ. Nígbà tó dé oríta, ọlọ́pàá kan ní kó dúró. Ọlọ́pàá ní, 'Kí lo gbé?' Olè ní, 'Ilẹ̀kùn ilé mi ni. Mo ń lọ sí ìrìn-àjò, mi ò sì fẹ́ kí olè ṣí i lẹ́yìn mi.' Ọlọ́pàá rò ó títí. Ó ní ìyẹn bọ́gbọ́n mu, ó sì bá a fi ọwọ́ kan ti ẹrù náà lẹ́yìn títí ó fi gun òkè tán."

Ó kà á dé òpin orí náà, ó pa ẹ̀rọ. Fara Balẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ìwọ gbọ́?"

"Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu ẹ̀rọ."

Ohùn rẹ̀ jáde, ó mọ́ lóló. Kò sí ọkọ̀ òfuurufú. Kò sí gbulu. Olè gbé ilẹ̀kùn lé èjìká, ó ń lọ.

"Hùn-ún," ni ẹ̀rọ wí.

Olóhùn-Iyọ̀ dá a dúró. "Ta nìyẹn?"

"Ta ni ta ni?"

Ó dá a padà sẹ́yìn. "Hùn-ún." Ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà. "Bàbá, ṣé ẹ̀yin ni?"

"Èmi? Iná ni mò ń ṣọ́."

Ó jẹ́ kó máa lọ. Ọlọ́pàá ní kí olè dúró. Ẹ̀rọ ní, "Yéè!" Olè ní ilẹ̀kùn ilé òun ni. Ẹ̀rọ pòṣé, òṣé gígùn. Ọlọ́pàá bá olè ti ẹrù. Nígbà náà ni ohùn kan tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sọ ọ́ ketekete nínú ẹ̀rọ pé, "Ọlọ́pàá yìí ò mà gbọ́n o."

Ẹ̀rín pa bàbá débi pé ó fẹ́ da yanrìn nù. Fara Balẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ kí ẹ gbà mí gbọ́ pé ọkùnrin náà ò mọ̀. Kò mọ̀ rárá pé bí wọ́n bá ń sọ ìtàn létí òun, ẹnu òun máa ń bá ìtàn náà rìn. Láti ọjọ́ yìí wá, fáànù ló ń bò ó láṣìírí, òun gan-an ló sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa fáànù náà lẹ́nu mọ́. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ojú rẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀.

"Mo ti sọ pé ohunkóhun," ó ní. "Èmi náà wà nínú ohunkóhun. Máa lọ. Màá bá ẹ gbé tábìlì."

Olóhùn-Iyọ̀ ò gbọ́ tirẹ̀. Ó ti kọjú sí ẹ̀rọ rẹ̀ padà, ó ń wá nǹkan kan. Ó gbé èyí tó kà lọ́jọ́ ọmọ tó sùn dí ẹnu ọ̀nà jáde, ó ki ìgbọ́hùn sétí, ó gbé ohùn sókè dé ibi tó lè dé. Hùùù ni fáànù ń ké. Àmọ́ nísinsìnyí tó ti mọ ohun tó ń wá, ó gbọ́ ọ lábẹ́ ariwo náà. Hùn-ún. Háà. Hùn-ún. Bẹ́ẹ̀ ló ń bá a bọ̀ lójú ìwé kọ̀ọ̀kan, kò fo ibì kan. Nígbà tó dé ibi ọmọ yẹn, hùn-ún dáwọ́ dúró. Ẹnì kan ń fa imú. Ó fà á lẹ́ẹ̀kan, ó fà á lẹ́ẹ̀kejì, ó fọn ọ́n sínú aṣọ. Ohùn òun fúnra rẹ̀ wá bèèrè pé, "Ẹ gbọ́ ibẹ̀ yẹn?" Ohùn kan tí ẹkún ti dí nímú dáhùn pé, "Ibo?"

Ó yọ ìgbọ́hùn kúrò létí. Ó yíjú padà.

"Ẹkún lẹ̀ ń sun lọ́jọ́ yẹn."

"Eruku ni."

"Nínú yàrá tí mo gbá láàárọ̀ ọjọ́ náà?"

Fara Balẹ̀ wo ilẹ̀. "Ọmọ yẹn ló ṣe mí láàánú. Ó fi ara ẹ̀ ṣe ilẹ̀kùn."

"Kí ló wá dé tẹ́ ò sọ? Mo bi yín!"

"Mo rò pé o mọ̀ pé mò ń gbọ́. Ẹ̀yìn rẹ náà ni mo jókòó sí. Ibo ni mo tún fẹ́ lọ?"

Bàbá dìde, ó gbé garawa yanrìn rẹ̀. Ó ní òun rí i pé iná ibẹ̀ kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi yanrìn pa, ó sì lọ dá a padà fún àwọn tó ń kọ́lé. Olóhùn-Iyọ̀ mú fóònù, ó pe onílé. "Ẹ káàsán sà. Ẹ má bínú sà, ẹ fún ẹlòmíràn. Rárá o, yàrá yín dára. Ó dákẹ́ jù ni."

Ìyẹn ò ní kí wọ́n má ṣiṣẹ́ o, ilé-iṣẹ́ ń retí orí ìwé yẹn láìsí ẹnì kankan tó ń bú ọlọ́pàá nínú rẹ̀. Fara Balẹ̀ fi ìka di ètè mú, ó gbàgbé, ó ní yéè. Ó fi eyín há aṣọ, aṣọ jábọ́. Ìyàwó rẹ̀ wá bu èyí tó kù nínú omi bátìrì sínú ife, ó gbé e fún un.

"Ẹ fi kún ẹnu yín. Ẹ ò gbọ́dọ̀ gbé e mì."

Ó fi kún ẹnu. Omi náà kò dùn, kò korò. Ó jókòó sídìí fídíò rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, kọ̀ǹpútà ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìfọhùn. Lẹ́yìn rẹ̀, Olóhùn-Iyọ̀ tún gbé ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Olè gbé ilẹ̀kùn lé èjìká, ó dé oríta, ó fún ọlọ́pàá lésì. Ibẹ̀ ni Olóhùn-Iyọ̀ dúró díẹ̀, ó bojú wẹ̀yìn. Fara Balẹ̀ ti yí àga rẹ̀ padà, ó kọjú sí i, ó ń mi orí pẹ̀lú omi lẹ́nu. Olóhùn-Iyọ̀ sì ń kà á lọ.